Ìwé Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Àpò

Mo rántí ìgbà tí mo kórìíra ìyàwó àbúrò mi débi pé bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ máa ń bí mi nínú. Bó bá gbá a kíákíá, màá ní ó ń da eruku bò wá. Bó bá rọra gbá a, màá ní ọ̀lẹ ni. Àwọn àgbà ilé wa a máa sọ pé ẹni tí a kò fẹ́, bó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ la óò máa kà. Eyín ọmọbìnrin yẹn ni mo kà fún odindi ọdún kan, n kò sì rí èyí tó gún nínú wọn.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ṣakí. Èlùbọ́ ni mò ń tà, bí ìyá wa ṣe tà á títí tó fi kú. Nígbà tí bàbá àti ìyá wa kú tẹ̀léra wọn, èmi ni mo gba àbúrò mi kan ṣoṣo tọ́. Mo rán an nílé ìwé, mo rán an nílé kéú, mo sì ti yan ìyàwó fún un nínú ọkàn mi: ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó dákẹ́ bí àdàbà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi rí iṣẹ́ sí Ìgbẹ́tì, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta funfun, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ọmọ Kisi kan. Ọmọ náà ti jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ẹni náà ló máa ń wò. Ìbéèrè sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá wa, kí ló dé tí a kì í bo èlùbọ́ yìí nígbà tí àwọn ewúrẹ́ bá ń kọjá?" Ìbéèrè tó dáa ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Nígbà náà, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ọmọdé kan ń pè mí ní ọ̀bùn nínú ilé bàbá mi.

"Ìyá wa" ló ń pè mí, nítorí pé èmi nìkan ni ìyá tó bá nílé ọkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni àbúrò mi ń wálé láti Ìgbẹ́tì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń wojú ara wa. Nígbà tó wá lóyún, inú mi dùn sí oyún náà, kò dùn sí aláboyún.

Oyún wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ní àjókòójù ló fà á. Ọwọ́ rẹ̀ wú débi pé òrùka kò yọ mọ́. Mo ní ìjẹkújẹ ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ náà wú, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí oyin ta, mo ń fi í han àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wo bí ìgbádùn ilé wa ṣe ń yọ lára rẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, pé nǹkan kan ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì níwájú òun bí ìgbà tí oòrùn bá kọlu páànù. Mo dá a lóhùn pé ojú tó ń wo fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni kó má rí? Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ní mo fẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi, n kò sì dá a padà. Mo rò pé ọgbọ́n àgbà ni mo gbọ́n.

Àbúrò mi pè mí, ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé ìyàwó òun lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún. Mo tẹ̀ lé e lọ pẹ̀lú ojú tó le. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìyá kan tó ti ń dàgbà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó so nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó tú u, ó tún un so. Ó ní kó lọ tọ̀ sínú ike kékeré, ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ náà, bébà náà sì pàwọ̀ dà lójú wa. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi.

"Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ti ru kọjá ààlà. Nǹkan tí kò yẹ kó wà nínú ìtọ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ṣakí. Òní ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀la."

Ó kọ ìwé kan, èmi àgbà ló sì fà á lé lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, ìyàwó àbúrò mi dúró lábẹ́ igi kan, ó ń mí gúlegúle.

"Ìyá wa, ṣé a ò ní wọ mọ́tò láti ibí ni?"

"Ọ̀la lọjà. Bí mo bá ti ọjà dé, a ó lọ."

"Nọ́ọ̀sì ní lónìí ni, mà."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló tọ́ ọkọ rẹ dàgbà ni?"

Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi í sínú àpò tí mo máa ń gbé kọ́ ọrùn. Lójú mi, ọmọ náà àti nọ́ọ̀sì ti jọ pa ọwọ́ pọ̀ kó lè rí ibi sùn sí kí iṣẹ́ máa dúró dè mí. Nígbà tí àbúrò mi pè ní ìrọ̀lẹ́ láti béèrè ohun tí wọ́n sọ, mo ní àlàáfíà ni, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú mi nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí fóònù náà. Mo pa fóònù náà, mo sì wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó di abẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún mú, ó ní nǹkan ń ta òun níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ rò. Mo gbé asẹ́ fún un, mo ní kó jọ èlùbọ́ tó kù kí n tó dé. Ẹrù mi wà lórí ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì jìnnà tó ogún ìṣísẹ̀ tí mo fi gbọ́ tí asẹ́ balẹ̀.

Mo bá a nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, èlùbọ́ bò ó láti orí dé àyà, ìtọ́ ẹnu rẹ̀ sì pupa nítorí pé ó ti gé ahọ́n jẹ. Mo mú ṣíbí, mo fi ń wa ẹnu rẹ̀, eyín kan sì kán. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti ń ka eyín rẹ̀. Obìnrin aládùúgbò wa kígbe pé wárápá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi, nítorí pé mo ti rí ẹ̀sùn tó tóbi tó. Kàkà kí n wá mọ́tò, mo kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀ ní Kisi.

"Ẹ fi wárápá tàn wá! Ẹ kó àrùn ìdílé yín wọ ilé wa! Ẹ wá gbé ọmọ yín!"

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà, ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Ọmọ mi ò ní wárápá rí. Ọsibítù wo lẹ gbé e wà?"

"A ṣì wà nílé."

"Ẹ bá mi gbé e lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mò ń bọ̀."

Awakọ̀ kan tó ń kó iṣu lọ sí Ṣakí ló gbé wa. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ènìyàn kú sínú ọkọ̀ òun. Èmi náà ni mo ní kó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbé wa, láàárín iṣu. Ọ̀nà wa kò dáa. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí ni orí rẹ̀ ń gbá itan mi. Kí a tó dé Ṣakí, gìrì náà tún mú un.

Ní ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí ìdí méjèèjì, gìrì náà sì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lajú. Dókítà, ọkùnrin kan tí ǹ bá ti bí lọ́mọ, béèrè lọ́wọ́ mi: "Ìyá, ṣé aboyún yìí ò lọ fún àyẹ̀wò rárá ni? Kì í ṣe wárápá lèyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló di gìrì sí i lára."

"Ó lọ. Wọ́n ní kò sí nǹkan."

Àpò tí ìwé wà nínú rẹ̀ wà lórí itan mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n gbé nǹkan lé e níkùn, wọ́n ń gbọ́ lọ, wọ́n ń gbọ́ bọ̀. Ọmọ inú ti kú. Dókítà sọ pé ibi ọmọ ti ya kúrò lára ilé ọmọ, pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sí inú níbi tí ojú ò rí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí n kò rí rí. Ojú ibi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi òwú dí i, òwú náà rin gbindin. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Imú rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà níbẹ̀ ń sáré, ọwọ́ wọn kò dilẹ̀, dókítà sì wo yàrá yíká títí ojú rẹ̀ fi kàn mí.

"Ìyá, ẹ gba èyí. Ẹ di ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ má mì í o. Ooru ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

Mo dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ọwọ́ mi bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Fún ọdún kan, bí ọmọ yìí bá fi ọwọ́ kàn mí, màá nu ibẹ̀. Dókítà ń wo aago. Ìṣẹ́jú méje ni ó ní kí n dúró, mo sì rò pé ó ti gbàgbé mi síbẹ̀. Nígbà tó gba ìgò náà padà, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣe ń dì nílẹ̀ lọ́jọ́ iléyá. Tirẹ̀ ṣàn lọ ṣàn bọ̀ bí omi sóbò.

"Kò dì," ni dókítà wí fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára rẹ̀ ti tán pátá, pé bí wọn ò bá rí ẹ̀jẹ̀ tútù látara ènìyàn fún un kíákíá, gbogbo èyí tó kù lára rẹ̀ ni yóò dà nù.

Mo na apá mi. N kò mọ ohun tó sún mi. Bóyá ìgò yẹn ni. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò bá tirẹ̀ mu. Mo pe àwọn ìbátan wa tó wà ní Ṣakí. Ọ̀kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn, èkejì ní òun ń bọ̀, kò sì dé títí dòní. Bàbá rẹ̀ ló dé láti Kisi, lórí ọ̀kadà, eruku pupa bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kí mi. Ènìyàn tí mo bú lórí fóònù láàárọ̀ kí mi pé mo kú ìrọ́jú, kó tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ bá tọmọ rẹ̀ mu. Nígbà tí àbúrò mi fi máa dé láti Ìgbẹ́tì, pẹ̀lú ìyẹ̀fun òkúta funfun lórí rẹ̀ bí ẹni tó hewú lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bàbá náà ti ń kán sínú ọmọ rẹ̀. Òun náà na apá, wọ́n gba tirẹ̀.

Ó bí òkú ọmọ náà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin ni. Àbúrò mi àti bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ sin ín, wọn kò pè mí.

Ẹ̀jẹ̀ dá, a rò pé ó ti tán. Àfi bí nọ́ọ̀sì tó ń wo àpò ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ń mi orí. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì títí dìgbà tí oòrùn fi wọ̀, ohun tó wà nínú àpò náà kò kún ife tíì kékeré, ó sì dúdú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò àgbo. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn àti ẹ̀jẹ̀ tó dà nù ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́, pé ìdọ̀tí tó yẹ kí ó máa tọ̀ dànù ti ń pọ̀ sí i nínú ara. Bó bá jẹ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ àwọn kí gìrì tó mú un ni, ó ní... Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo parí rẹ̀ nínú ara mi, mo sì tún di ẹnu àpò mi pọ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà. Mo tẹ̀ lé wọn. Mò ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló gbé mi lọ: mo fẹ́ wà nítòsí lọ́jọ́ tí yóò lajú, kí n lè mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà kan jáde tó sì ń gba òmíràn wọlé, ó mọ̀ wá. Àbúrò mi tẹrí ba mọ́ ọn létí, ó sọ fún un nípa ọmọ. Kò sunkún. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ.

"Ìwé náà wà nínú àpò ìyá wa."

"Ìwé wo?" Àbúrò mi wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo?"

Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Mo tú àpò. Ìwé náà ṣì ká sí mẹ́rin, èlùbọ́ ti wọ inú ojú ìká rẹ̀. Àbúrò mi kà á, ó tún un kà, ó wo ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ sórí rẹ̀. Mo ń retí kó pariwo. Mo ti múra ohun tí màá fi dá a lóhùn: pé èmi ni mo tọ́ ọ, pé oúnjẹ ẹnu mi ni mo fi bọ́ ọ. Kò pariwo.

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má padà wá síbí."

Láti kékeré rẹ̀, kò tíì lé mi níbì kankan rí. Mo gbé àpò mi, mo lọ.

Ẹ̀rọ yẹn fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí kíndìnrín rẹ̀ tó jí padà. Àwọn aládùúgbò ló ń sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀: pé ó ti ń tọ̀, pé ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́, pé ó ti ń fi ọ̀pá rìn, pé bàbá rẹ̀ ti gbé e lọ sí Kisi. Ọdún náà kò tíì parí tí mo fi lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ gbé omi fún mi, ó fún mi ní àga, ó sì jáde kó má bàa gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyàwó àbúrò mi wọlé. Ó ti gbẹ, eyín kan kò sí ní iwájú ẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ogún ọdún jù lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyá wa, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí n kú. Ẹ kàn fẹ́ kí n jìyà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀."

"Foríjì mí, ọmọ mi."

"Mo ti gbọ́. Ẹ dìde nílẹ̀. Mi ò lè bá yín gbé mọ́, mi ò sì ní fi oúnjẹ yín sẹ́nu."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti rí nǹkan gbé lọ sílé, ǹ bá ti rí ohun tí màá fi bínú padà.

Ìgbẹ́tì ni wọ́n ń gbé báyìí, òun àti ọkọ rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó tún lóyún, Ìbàdàn ló sì ti gba ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọbìnrin ni. Àbúrò mi dá wá sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní wọn kò fẹ́ kí n gbọ́ nípa oyún náà rárá títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. N kò béèrè ẹni tí "wọn" jẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, èmi tí mo ṣu náà kò gbàgbé. Mo ti gbìyànjú láti bínú sí i, nítorí pé ìbínú ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí màá gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò dì. Bí ó ṣe rọrùn fún mi láti ká ìwé kan sí mẹ́rin ni. Kò gbà mí ju kí n ṣẹ́jú lọ. N kò sì rí ara mi bí ìkà nígbà náà. Obìnrin tí ọjà ń pè ni mo ka ara mi sí.

Àbúrò mi ṣì ń yà wò mí lẹ́yìn iléyá, òun nìkan. Ó máa ń fi àwòrán ọmọ hàn mí nínú fóònù rẹ̀: ọmọ náà ń wo ẹni tó ń ya àwòrán lójú tààrà. Bó bá fẹ́ máa lọ, á dìde, á gbọn agbádá rẹ̀, á ní, "Ìyá ọmọ ní kí n kí yín o."

Mo mọ̀ pé kò rán an. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Màá sì ní kó bá mi kí i púpọ̀.